BÍ A TI Í YA ÀWÒRÁN OJÚ ÈNÌYÀN

Àsọyé tí a sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ, ní Ṣakí, ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

  Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹni tí Ọlọ́run bá dá sí láti rí i, ó yẹ kí ó dúpẹ́.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ránṣẹ́ sí wa pé kí a ya àwòrán Katikíìsì àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ nínú ìjọ yìí, kí a lè gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn yìí, a rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ọwọ́ kan ọ̀dà rárá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti dé etí wa. Àwọn kan wí pé, èéṣe tí a ó fi ya àwòrán ènìyàn sí àgbàlá Ọlọ́run, nígbà tí Òfin ti kọ ère fún wa? Àwọn mìíràn wí pé, páànù orí ilé ìjọ ń jò, ẹ̀yin sì ń ra ọ̀dà. Àwọn ẹ̀kẹta jẹ́ àgbàlagbà, wọn kò bá wa jà, wọ́n kàn bi wá léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n rí. Báwo ni ẹ ó ti ya ẹni tí ẹ kò fi ojú rí?" Ìbéèrè kẹta yìí ni ó wúwo jù lọ lọ́kàn wa. Òun ni ó mú kí a bẹ Alága pé kí ó fún wa ní ààyè ní alẹ́ yìí, kí a lè ṣí iṣẹ́ ọwọ́ wa payá fún yín, kí ẹ sì ràn wá lọ́wọ́ kí a tó parí rẹ̀.

ÈKÍNÍ: OHUN TÍ ÀWÒRÁN JẸ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ère kúrò lọ́nà. Ohun tí Òfin kọ̀ fún wa ni pé kí a tẹrí ba fún iṣẹ́ ọwọ́ ara wa. Kò kọ iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀, nítorí inú ìwé Ẹ́kísódù kan náà ni a ti kà nípa Bésálẹ́lì, ẹni tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n àti òye kún, kí ó lè ṣe onírúurú iṣẹ́ ọnà fún àgọ́. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ ìjọ tilẹ̀ sọ pé Lúùkù mímọ́, oníṣègùn nì, jẹ́ ayàwòrán pẹ̀lú; ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ wọn ní ayé àtijọ́. A kò ní gbé àwòrán yìí sí ibi pẹpẹ. Gbọ̀ngàn ni a ó gbé e kọ́ sí, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí wọn lè gbé ojú sókè kí wọn sì bèèrè pé, "Ta ni baba yìí?" Nígbà tí àgbà kan bá dáhùn, àwòrán ti ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe àìmọ iṣẹ́ yìí. Oríkì ni àwòrán tí wọ́n fi ẹnu yà. Bí akéwì bá ki ènìyàn dáadáa, ẹni tí kò rí olúwarẹ̀ rí yóò mọ bí ó ti ga tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí, bí ó ti ń rìn, ohun tí ó ń bí i nínú, àti ohun tí ń mú un rẹ́rìn-ín. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938, nígbà tí a ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, a hú àwọn orí idẹ kan jáde, tí ẹnu wọn dàbí ẹnu ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ti rọ wọ́n, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, ní ayé àtijọ́, bí ọlọ́lá kan bá kú, a máa ń gbẹ́ àkó rẹ̀, èyí tí í ṣe ère tí ó ga tó ènìyàn. A ó fi aṣọ iyebíye wọ̀ ọ́, a ó sì gbé e káàkiri ìlú. Ohun kan ṣoṣo ni a ń béèrè lọ́wọ́ agbẹ́gilére: kí ère náà jọ olóògbé. A kò sọ èyí kí a lè dá àṣà náà padà. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé láti ìgbà láéláé ni àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ pé jíjọ ṣòro, wọ́n sì ti bọlá fún ẹni tí ó lè ṣe é.

ÈKEJÌ: ẸNI TÍ Ó LA Ọ̀NÀ FÚN WA

Iṣẹ́ àwòrán tí a fi ọ̀dà òróró yà sí orí aṣọ, bí ó ti wà lónìí, ní ẹni tí ó la ọ̀nà rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní ọdún 1882. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan nígbà náà tí ó lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ni ó ń wò tí ó ń dà kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe ní Èkó láti jẹun. Àyè tí iṣẹ́ bá fi sílẹ̀ fún un ni ó fi ń yàwòrán. Ní ọdún 1906, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ó ya àwòrán ìyáàfin kan ní Èkó, Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí a ń fi ṣe ẹ̀rí títí di òní pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe ohun tí àwọn kan ti búra pé kò lè ṣe láéláé.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ní ọjọ́ wọnnì, ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó gbàgbọ́ pé ọmọ Áfíríkà kò ní ojú tí ó lè rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, tàbí ọwọ́ tí ó lè fi wọ́n sí orí aṣọ kí ènìyàn fi ara hàn. Onabolu kò dúró bá wọn jiyàn títí. Ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1920 ó ya àwòrán Dókítà Oguntola Sapara, oníṣègùn pàtàkì nì. Ní ọdún náà gan-an ni ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí London, níbi tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St John's Wood, ó sì tún kọ́ ẹ̀kọ́ ní Académie Julian ní Paris. Nígbà tí ó padà dé, kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sí èkejì ní Èkó, títí kan C.M.S. Grammar School ti ìjọ wa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ti í kéré àti bí ohun tí ó súnmọ́ ti í tóbi, títí àwọn ọmọ fi fi ẹ̀kọ́ náà sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n ń pè é ní Mr Perspective. Òun ni ó rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wá láti ilẹ̀ òyìnbó, Kenneth Murray, ẹni tí ó dé ní ọdún 1927. Lọ́dọ̀ Murray ni Ben Enwonwu ti kọ́ ẹ̀kọ́, ẹni tí ó ya Tutu, ọmọ ọba obìnrin láti Ilé-Ifẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọdún 1973. A kò mọ ibi tí àwọn àwòrán náà wọlé sí fún ọdún púpọ̀, títí a fi rí ọ̀kan nínú ilé kan ní London ní ọdún 2017. Nígbà tí a sì tà á ní ọdún 1918 lé ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe 2018, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Onabolu sùn ní ọdún 1963. Gbogbo àwa tí a ń di búrọ́ọ̀ṣì mú ní ilẹ̀ yìí, ọmọ ilé rẹ̀ ni wá.

ÈKẸTA: BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI Ń LỌ

Ẹ̀yin ará Ṣakí, àgbẹ̀dẹ kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ kì í ti inú iná fa ọkọ́ tí ó ti mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ mú irin gbóná, yóò lù ú kí ó ní ìrísí ọkọ́ lásán. Yóò dá a padà sínú iná. Ìgbẹ̀yìn ni yóò tó pọ́n etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú ènìyàn ti í jáde lára aṣọ. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpéǹpéjú, etí ọkọ́ ni ó ń pọ́n nígbà tí kò tíì sí ọkọ́.

Wíwò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí ẹni tí a fẹ́ yà bá wà láàyè, a kì í sọ fún un pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní kíá. A ó bá a sọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ọmọ, àti ọ̀rọ̀ ọjà. Nígbà tí ó bá gbàgbé pé a ń wo òun, ni orí rẹ̀ yóò tẹ̀ sí ibi tí ó máa ń tẹ̀ sí, tí èjìká kan yóò sì ga ju èkejì lọ. Ibẹ̀ ni ènìyàn wà. Ojú tí ó ṣe fún ayàwòrán kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ìwé àwọn òyìnbó kọ́ wa pé kí ayàwòrán ṣí fèrèsé rẹ̀ sí àríwá, nítorí pé ní ilẹ̀ wọn oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ a sì dúró lójú kan. A ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ṣakí, ojú sì tì wá. Ní ìlú wa yìí, láti àárín oṣù Épírìlì títí dé òpin oṣù Ògọ́ọ̀sì, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa. Ohun tí ó jẹ́ òjìji ní agogo mẹ́wàá ti di ìmọ́lẹ̀ ní agogo méjìlá, imú ẹni tí a ń yà sì ti yí padà. Nítorí náà a kọ́ láti máa fi aṣọ funfun dí fèrèsé, kí a sì máa ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni èyí jẹ́ fún wa, pé ọgbọ́n tí a rà wá láti ìlú òkèèrè, a ní láti fi ilẹ̀ tiwa wọ̀n ọ́n wò.

Lẹ́yìn èyí ni aṣọ. Aṣọ líle ni, tí a ń pè ní kánfáàsì. A ó nà án mọ́ igi onígun mẹ́rin kí ó le bí awọ ìlù, a ó fi àtè kùn ún kí òróró má bàa jẹ ẹ́, a ó sì fi ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ. A ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú níhìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣí kúrò bí ara ògiri tí a kò rẹ́ dáadáa.

Nígbà náà ni a ó mú èédú láti fi fa ìlà. Orí ènìyàn ní ìwọ̀n, bí ìhun aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn ti ní ìwọ̀n. Ọmọdé a máa ya ojú sí òkè, sí ẹ̀bá irun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i pé ìdajì orí gan-an ni ojú wà. Àlàfo tí ó wà láàrín ojú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ojú kan. Òkè etí bá ìpéǹpéjú òkè dọ́gba, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bá ìsàlẹ̀ imú dọ́gba. Ìwọ̀n gbogbo ènìyàn nìyí. Iṣẹ́ ayàwòrán ni láti wá ibi tí ẹni tí ó ń yà ti yàtọ̀ sí ìwọ̀n yìí, nítorí ìyàtọ̀ kékeré náà ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá ṣe àṣìṣe ní ìwọ̀n tí ó kéré bí ẹ̀kún èékánná, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a yà, kì í ṣe òun.

Bí ìlà bá ti dúró, a ó fi ọ̀dà kan ṣoṣo, tí ó pọ́n bí amọ̀, tí a fi tọpẹntáìnì là, ya ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan. A kò tíì dárúkọ àwọ̀ rárá. A ó dín ojú wa kù, kí a má bàa rí ohun kéékèèké, kí a lè rí ibi tí ó ṣókùnkùn àti ibi tí ó mọ́lẹ̀ nìkan. Bí àwòrán bá dára ní ipò yìí, a ti là á já. Bí kò bá dára, kò sí àwọ̀ tí ó lè gbà á là.

Àwọ̀ ni ó kàn. Àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè pè wá ní ènìyàn dúdú, àwa náà sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá fi ọ̀dà dúdú ya ẹnikẹ́ni nínú wa, òkú ni yóò yà. Ẹ wo ẹni tí ó jókòó tì yín. Iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ oyin díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní pupa bí obì. Ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tí òjìji wà, ẹ ó rí àwọ̀ bí aró tí a fi omi là, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń ta padà síbẹ̀. Ibi tí iná bá ti bọ́ sí orí awọ dídán bí tiwa a máa funfun tàbí kí ó dàbí aró, kì í ṣe pupa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi kọ́ èyí, nítorí pé àwòrán àwọn ènìyàn funfun ni ó kún inú ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́.

Òfin kan wà tí kò ṣeé rú. Ọ̀dà tí a kọ́kọ́ tẹ́ kò gbọdọ̀ ní òróró púpọ̀. Èyí tí a bá tẹ́ lé e lórí ni kí ó ní òróró jù ú lọ. Bí a bá yí i padà, ti òkè yóò gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, ojú àwòrán yóò sì sán bí ilẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàrín ìpele kan àti èkejì, a ní láti dúró, ọjọ́ mélòó kan nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan nígbà mìíràn. Ní àkókò ọyẹ́, bí eruku ti ń fẹ́ láti òkè wá, a ní láti dojú àwòrán tútù kọ ògiri ní alaalẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyanrìn yóò hù ní àgbọ̀n baba bí irùngbọ̀n.

Ìgbẹ̀yìn ni ojú àti ẹnu. Ẹnu ṣòro ju ojú lọ. Ìgun rẹ̀ méjèèjì ni inú ènìyàn ti í yọ jáde. Nígbà tí a bá rò pé a ti ṣe tán, a ó gbé díńgí, a ó sì wo àwòrán nínú rẹ̀. Díńgí yóò yí ọ̀tún sí òsì, àṣìṣe tí ojú wa ti mọ́ra yóò sì yọ sí wa bí àjèjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, tí ọ̀dà bá ti gbẹ dé inú, ni a tó lè kùn ún ní ìkùn dídán tí yóò dáàbò bò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé àwòrán wa kò dán ní ọjọ́ àjọ̀dún, ẹ má ṣe rò pé owó ni ó tán.

ÈKẸRIN: ÀṢÌṢE WA

Ó tọ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa, ìdílé kan gbé fọ́tò baba wọn tí ó ti sùn wá, pé kí a yà á. A fi inú dídùn ṣe é. A rò pé ọlá ni a ń ṣe fún baba, nítorí náà a mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, a nà án ní ọrùn kí ó dúró ṣánṣán, a sì pa ìlà iwájú orí rẹ̀ rẹ́. Àwọn ọmọ yọ̀, wọ́n san owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú ìyá wọn, opó baba náà, wá sí iwájú àwòrán, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ẹ ṣeun o. Arẹwà ni ọkùnrin yìí. Ìgbà wo ni baba àwọn ọmọ mi yóò dé?"

A gbé àwòrán náà padà lọ sí ilé. A lọ jókòó tì ìyá náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fún wa pé ọkọ òun a máa tẹ orí sí apá òsì, nítorí pé etí ọ̀tún ni ó fi ń gbọ́ràn. Ó ní ìlà iwájú orí rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí ọmọ wọn àkọ́kọ́ kú. Àwa ti pa ọmọ náà rẹ́ kúrò nínú ìtàn baba rẹ̀, a sì pe èyí ní ọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ìpọ́nni kì í ṣe àwòrán, àti pé ìlà tí Ọlọ́run jẹ́ kí ó wà lójú ènìyàn, kò yẹ kí búrọ́ọ̀ṣì ẹnìkan pa á rẹ́.

ÈKARÙN-ÚN: ÀWÒRÁN TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ YÍN

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣí aṣọ kúrò lórí iṣẹ́ yìí. Ẹ rí i pé kò tíì parí.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó kù tí Katikíìsì wà nínú rẹ̀. Ó dúró láàrín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ojú rẹ̀ kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kòkòrò sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú fọ́tò náà ni a ti rí ìdúró rẹ̀, fìlà rẹ̀, àti bí èjìká rẹ̀ ti rí. Èyí tí ó kù, ẹnu àwọn àgbà ni a ti gbà á. Ìyá wa kan, tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí ó jókòó lé e lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ni ó sọ fún wa pé ojú rẹ̀ kéré, a sì máa pa dé bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́, àwa ń yà á. Ó ní, "Ẹ dín in kù," àwa dín in kù. Títí ó fi dákẹ́, tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ilà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn àgbà sì gbà pé ó kọlà. Baba kan wí pé pélé ni. Baba kejì wí pé àbàjà ni, ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà. Ìyá wa kò rántí. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni ó rántí. Fọ́tò sì ti ṣá ní ibẹ̀ gan-an. Àwọn kan gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a mú èyí tí ó bá wù wá, ta ni yóò mọ̀? Àwa yóò mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ilà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Orúkọ ìdílé ni, ó ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá kí ogun tó tú àwọn ènìyàn ká. Bí a bá kọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i lójú, a ti mú un kúrò ní ilé baba rẹ̀, àwọn ọmọ tí yóò wò ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò sì gba irọ́ wa gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, nítorí pé inú gbọ̀ngàn ìjọ ni ó wà.

Nítorí náà a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ àjọ̀dún bá dé tí a kò rí ẹni tí ó mọ̀, a ó jẹ́ kí òjìji fìlà bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Òjìji kì í purọ́; ohun tí ó ń wí ni pé, ìhín ni ìmọ̀ wa dé. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. A bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ bá mọ baba yìí, tàbí tí ó bá ní fọ́tò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú àtijọ́ nínú àpótí, kí ó wá rí wa ní gbọ̀ngàn yìí kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Èyí mú wa padà sí ọ̀rọ̀ páànù. Àwọn tí ó sọ ọ́ kò ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé ìjọ ń jò. Owó páànù kò wọ inú ọ̀dà wa, a kò sì gba owó iṣẹ́ ọwọ́ wa. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a rò ó. Páànù yóò wà lọ́jà ní ọdún tí ń bọ̀, àti ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí Katikíìsì, ènìyàn mẹ́ta péré ni a rí kà, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè dìde mọ́. Bí wọ́n bá lọ, kò sí ọjà tí a ti lè ra ohun tí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀yin mọ ojú Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní agbègbè wa yìí, nítorí pé a ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó sùn ní ọdún 1891. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí a so okùn mọ́ lọ́rùn, tí wọn kò sì padà mọ́, ta ni nínú wa tí ó lè ya ojú wọn? Wọ́n ní imú, wọ́n ní ìlà iwájú orí, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n. Àwa kò mọ̀ wọ́n mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò pọ̀. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín lè ya ohun tí Onabolu fi oṣù púpọ̀ yà. Ẹ fi ya àwọn ìyá àti baba yín àgbà ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kì í ṣe nínú aṣọ àríyá nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn, ìdílé wọn àti ọdún náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí fọ́tò tí kò ní orúkọ, lẹ́yìn ogójì ọdún, àjèjì ni. Ẹ jókòó tì wọ́n bí àwa ti jókòó tì opó nì, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó kọ ìlà sí wọn lójú.

Ìwé Mímọ́ kọ́ wa pé ní àwòrán ara rẹ̀ ni Ọlọ́run dá ènìyàn. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, kò sí ojú kan tí ó kéré tó láti pàdánù láìka á sí. Ẹ̀yin baba àti ìyá wa, ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Èédú wa wà nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ baba sì ń dúró dè yín. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe ọdún mìíràn lókè eèpẹ̀. Àmín.